Wosilat Jókòó Sídìí Dráàfù

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n gbáko ni Wosilat fi rìn yí tábìlì kan po ní Ṣómólú. Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ni. Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ti tẹ ojú ìwé tán, ẹnì kan ní láti kó wọn jọ kí ìwé tó di ìwé. Wọ́n á to òkìtì bébà sórí tábìlì gígùn kan, ojú kìíní tó ní ìkejì lẹ́yìn níhìn-ín, ojú kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ń kó o jọ á wá máa yí tábìlì náà po, á máa mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí á fi padà débi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà á gún etí ìwé náà mọ́ orí tábìlì, gbà, gbà, kó lè dọ́gba. Wosilat lè ṣe é kó sì máa bá èèyàn jà lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ojú ìwé kan bá sọnù, ọwọ́ rẹ̀ á ti mọ̀ kí ojú rẹ̀ tó rí i. Àwọn ọmọdébìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń ka tiwọn lẹ́ẹ̀mejì. Wosilat kì í kà.

Ohun tí iṣẹ́ yẹn wá fi sí ọwọ́ rẹ̀ lára kò ṣeé yọ mọ́. Kò lè rí nǹkan tó wọ́ kó fojú fò ó. Bó bá dé mọ́sálásí, á kọ́kọ́ to bàtà àwọn èèyàn tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá lọ kí aláìsàn, á fa aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì náà gún régé kó tó béèrè bí ara ṣe rí. Àbdùlsàmàd ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ oníṣẹ́ iná, máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé ṣíbí wọ́ lórí àwo kó lè wo bí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ṣe máa lọ síbẹ̀, á wá bú sẹ́rìn-ín. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti jọ wá sí Èkó, ilé kan náà ní Pedro ni wọ́n sì gbé títí ikú fi mú ọkùnrin náà lọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Láti ìgbà yẹn, kò sí ṣíbí tó wọ́ nínú ilé náà mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe opó rí mọ èyí tó kù. Wosilat ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, ó ń tọ́ oúnjẹ wò, ó sì ń jí ojú sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mùíz, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ adójútòfò kan, tó sì ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ ní Ọbáníkòró, bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Kò gbà. Ó ní òun kò tíì darúgbó débi tí wọ́n á fi máa gbé òun kiri. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò mọ̀ pé kò tíì darúgbó, ńṣe ló ń gòkè.

Nọ́ọ̀sì kan wà tó ń jẹ́ Hadassah ní ilé ìwòsàn kékeré tó ń lọ. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì náà wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó wá fa àga sún mọ́ ọn.

“Màmá, ṣé ẹ̀ ń lo oògùn yín?”

“Mò ń lò ó.”

“Ṣé ẹ̀ ń sùn?”

“Mò ń dùbúlẹ̀.”

Hadassah gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. “Kí lẹ máa ń ṣe tí inú yín fi máa ń dùn? Mi ò sọ iṣẹ́ o. Mi ò sì sọ ọmọ-ọmọ. Nǹkan tí ẹ̀ ń ṣe nítorí pé ó wù yín lásán.”

Wosilat wò ó bí ẹni tí wọ́n bi léèrè orúkọ ọkọ òfuurufú. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni, kò sì sí ẹni tó bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí láyé. Wọ́n máa ń bi í bóyá ó ti jẹun, bóyá ó ti kírun, bóyá iṣẹ́ ti jáde. Ohun tó wù ú? Inú bí i sí nọ́ọ̀sì náà títí ó fi délé. Nígbà tó jókòó tán, ó wá rí i pé kì í ṣe ìbéèrè náà ló ń bí òun nínú. Kò ní ìdáhùn ni.

Kò káwọ́ gbera o, ó ń wá a. Ó gbin ẹ̀fọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lẹ́yìnkùlé, adìyẹ aládùúgbò jẹ ẹ́ tán kó tó hu ewé kẹta. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi eré kan sórí fóònù fún un, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó dara pọ̀ mọ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe eré ìdárayá láàárọ̀ Sátidé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń darí wọn ń pariwo mọ́ wọn bí ẹni pé wọ́n jí nǹkan, Wosilat kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n ń pariwo mọ́.

Ọjọ́ kan tí kò retí ló wá rí i. Iná lọ ní ilé ìtẹ̀wé wọn ní Fọlá Àgòrò, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò dáhùn, Samson tó ń fi ẹ̀rọ gé bébà sì jáde lọ sí ìdí dráàfù. Bẹ́ǹṣì méjì ni, ọpọ́n dráàfù láàárín wọn, lábẹ́ páànù tó wà ní ẹ̀gbẹ́ géètì ọgbà náà. Ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé máa ń jókòó sí, àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Wosilat lọ síbẹ̀ láti bá Samson jà nítorí bébà rẹ̀ tí kò tíì gé. Ó bá a níwájú Bàbá Àkànó, ọ̀gá wọn nídìí dráàfù, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, tó sì ti darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kí wọ́n tó bí Samson. Wosilat ní kí wọ́n ta èyí tán kí òun tó sọ̀rọ̀. Ó dúró. Ó ń wò.

Ó ti ń kọjá níbẹ̀ láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ojú rẹ̀ sì ti gba òfin eré náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò dúró wò ó rí. Ó wá rí i pé ọmọ dráàfù ń tẹ̀ lé ara wọn bí ojú ìwé ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Bí èyí bá kúrò níbí, tọ̀hún gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́hùn-ún. Ó rí i títí dé ìgbésẹ̀ kẹrin, ó rí i kedere.

“Samson,” ló sọ, “tó o bá rin ìyẹn, Bàbá á jẹ mẹ́ta.”

Samson kò gbé ojú sókè. “Ìyá Mùíz, ẹ lọ máa kó ìwé yín jọ. Kì í ṣe ibi tí obìnrin ń sọ̀rọ̀ nìyí.”

Ó rin ín. Bàbá Àkànó jẹ mẹ́ta. Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀ kúrò ní kékeré, àwọn tó wà lódìkejì títì ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá Àkànó nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Wosilat dáadáa, ó wá ní, “Samson, dìde níbẹ̀. Jẹ́ kí Ìyá Mùíz jókòó.”

Wọ́n na Wosilat ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó wo aago, wákàtí méjì ti lọ. Wákàtí méjì gbáko ni kò fi rántí ara rẹ̀, kò rántí yàrá tó ṣófo ní Pedro, kò rántí nǹkan kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sùn.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti di pé bí iṣẹ́ bá ti parí, ìdí dráàfù ló kù. Bàbá Àkànó kọ́ ọ bí ọ̀gá ṣe ń kọ́ ọmọṣẹ́, láìpọ́n ọn lé. Òun ló sọ fún un pé ọ̀tún ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí rìn nígbà gbogbo, bó ṣe máa ń yí tábìlì rẹ̀ po, pé ẹnikẹ́ni tó bá ti mọ ìyẹn á máa dúró dè é lápá ọ̀tún. Ó gbà á ní oṣù kan kó tó tún ọwọ́ rẹ̀ kọ́. Ó dẹ́kun wíwọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá láti Pedro, ó ń fẹsẹ̀ rìn, nítorí pé tó bá ń rìn ló máa ń lè ta ayò àná látìbẹ̀rẹ̀ nínú orí rẹ̀. Àwọn èèyàn ń kí i lójú ọ̀nà, kò gbọ́, wọ́n ní Ìyá Mùíz ti ń gbéra ga. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń gbéra ga. Ó ti na Samson ní ẹ̀ẹ̀mejìlá.

Ní oṣù kẹfà, Hadassah wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó tún un wọ̀n bíi tọjọ́sí, ó wá yọ ìgò ojú rẹ̀.

“Màmá, kí lẹ ṣe?”

“Mò ń ta dráàfù.”

Nọ́ọ̀sì náà kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀, lábẹ́ orúkọ àwọn oògùn: dráàfù, lójoojúmọ́. Wosilat fi káàdì yẹn han gbogbo ilé.

Mùíz nìkan ni kò rí ohun tó dùn níbẹ̀. Ó wá sí Pedro ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan ní oṣù kọkànlá, ojú rẹ̀ le. Ó kí ìyá rẹ̀, ó jókòó, kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

“Màmá, ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù ẹ̀. Adébáyọ̀ lorúkọ ẹ̀. Ó ní, ‘Wo màmá kan ní Ṣómólú tó jókòó sáàárín àwọn ọkùnrin tó ń ta dráàfù, bí agbèrò.’ Gbogbo ọ́fíìsì ń rẹ́rìn-ín. Mo wò ó, ẹ̀yin ni.”

“Kí lo wá sọ?”

Mùíz wo ilẹ̀. “Mi ò sọ nǹkan kan.”

“O ò sọ pé ìyá ẹ ni?”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn àna mi náà máa rí i. Wọ́n á ní mo fi ìyá mi sílẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà. Ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Gbogbo nǹkan tí ẹ bá fẹ́ ló wà níbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Wosilat dé egungun, mi ò ní purọ́ fún yín. Kì í ṣe ti gọ́tà. Tábìlì tó yí po ló fi rán ọmọ yìí níléèwé títí ó fi wọ ọ́fíìsì tó ti ń wo fídíò. Ẹnì kan wá fi ojú rẹ̀ hàn án, ọmọ náà sì dákẹ́, ó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó dìde, ó lọ bu omi mu, ó padà wá.

“Sátidé kejì nínú oṣù tó ń bọ̀ la máa ń ṣe ìdíje ọdọọdún. Wá wò mí. Bí Bàbá Àkànó bá nà mí, mi ò ní jókòó síbẹ̀ mọ́, mà á sì kó ẹrù mi wá sí Ọbáníkòró. Bí kò bá nà mí, o ò gbọ́dọ̀ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ mọ́ láé.”

“Bàbá tí ẹ sọ pé ẹnikẹ́ni ò nà láti ọdún mẹ́sàn-án?”

“Òun náà ni.”

Mùíz gbà kíákíá. Ó tilẹ̀ jẹun.

Nígbà tí ọjọ́ pé, èèyàn kún ọgbà náà dé ẹnu géètì. Samson ni wọ́n kọ́kọ́ fi ko Wosilat lójú. Mi ò ní fi ti Samson dá yín dúró, kò pẹ́ rárá. Lẹ́yìn rẹ̀, ó na ọkùnrin kan tó wá láti Bàrígà, tó ti ń fi ẹnu ta ayò láti àárọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa pè é níwájú Bàbá Àkànó, oòrùn ti rọ̀, Mùíz sì ti dé. Ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ló dúró sí, nítòsí géètì, bí ẹni tó wá gba ìwé tó fún wọn tẹ̀.

Ọmọ funfun ni Wosilat mú. Ó ta á bí kò ṣe ta á rí. Wọ́n ti jẹ ara wọn díẹ̀ díẹ̀, ọmọ wọn dọ́gba, Bàbá Àkànó sì ti ń fi ọwọ́ pa orí, èyí tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀. Ó kan Wosilat láti rìn. Ó ti mọ èyí tó fẹ́ rìn, ó wà lápá òsì. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i nínú orí rẹ̀ ni ojú rẹ̀ fi kan ọmọ kan lápá ọ̀tún tí kò jókòó dáadáa sínú ilé rẹ̀, tó yọ etí díẹ̀ sórí ìlà. Kó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ síbẹ̀, ó ti tò ó kó gún.

Òfin kan wà nídìí ọpọ́n yẹn tó ju gbogbo òfin lọ, òun sì ni pé ọmọ tí èèyàn bá fọwọ́ kàn ló gbọ́dọ̀ rìn.

Samson ló kọ́kọ́ sọ ọ́. “Ó ti fọwọ́ kàn án.”

Ariwo bẹ́. Àwọn kan ní ó tò ó lásán ni, àwọn kan ní òfin ni òfin. Ohùn kan wá dìde láti ẹ̀yìn, ohùn tí Wosilat mọ̀ ju ohùn ara rẹ̀ lọ. Mùíz ti ń fi èjìká la àárín èèyàn kọjá. “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, wọ́n kàn tò ó ni. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé nìyẹn, gbogbo nǹkan ni wọ́n máa ń tò. Wọn ò fẹ́ rìn ín.”

Bàbá Àkànó gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. “Ìyá Mùíz, mo mọ̀ pé ẹ kò ní in lọ́kàn. Bí ẹ bá ní kí n fi sílẹ̀, mà á fi sílẹ̀.”

Wosilat wo ọpọ́n náà. Bó bá rin ọmọ yẹn, mẹ́ta ló máa lọ, ó sì ṣeé ṣe kí ayò náà bá a lọ, kí ìjókòó yìí bá a lọ, kí òwúrọ̀ tó ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Pedro bá a lọ. Gbólóhùn kan péré ló ní láti sọ. Ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ lọ́la: pé wọ́n ṣàánú màmá náà ni.

“Mùíz, dúró jẹ́ẹ́,” ló sọ. “Mo fọwọ́ kàn án. Mà á rìn ín.”

Ó rin ín. Bàbá Àkànó jẹ mẹ́ta. Ó ku méje lọ́wọ́ bàbá, ó ku mẹ́rin lọ́wọ́ Wosilat, àwọn kan sì ti ń tú ká.

Nínú dráàfù tiwọn, ẹni tó bá rí ọmọ jẹ kò lè sọ pé òun ò jẹ, dandan ni. Wosilat jókòó pẹ́, kò rìn. Ó wá ti ọmọ kan síwájú fún bàbá lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá jẹ ẹ́. Ó tún ti ọ̀kan. Bàbá jẹ ẹ́, kò sì fẹ́ràn bó ṣe rí lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ẹ̀kẹta. Àwọn tó ń tú ká padà. Nígbà tí bàbá jẹ ẹ̀kẹta yẹn, ọ̀nà ṣí lẹ́yìn rẹ̀ gbayawu, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún Wosilat gba ibẹ̀ wọlé, ó di ọba, bó sì ṣe ń padà jáde, ó jẹ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ mẹ́ta ló kù fún Bàbá Àkànó, gbogbo wọn sì di ọba kó tó pẹ́. Mẹ́ta sí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n Wosilat ti gbé ẹyọ kan tiẹ̀ lọ sí ọ̀nà gbọọrọ tó gba àárín ọpọ́n láti igun dé igun, kò sì kúrò níbẹ̀. Bàbá gba ọ̀tún, ó gba òsì, ó dẹ pàkúté, Wosilat kàn ń lọ, ó ń bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Ẹni tó ti rìn yí tábìlì po fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ìyẹn kò lè rẹ̀ ẹ́.

Níkẹyìn, Bàbá Àkànó gbé ọwọ́ kúrò lórí ọpọ́n.

“Ọ̀mì ni,” ló sọ. Ó dìde dúró, ó sì tẹrí ba fún un. Láti ọdún mẹ́sàn-án, kò dìde fún ẹnikẹ́ni nídìí ọpọ́n yẹn.

Ariwo tó sọ kò kéré. Ẹnì kan fa aṣọ àwọ̀lékè Mùíz, ó ń bi í pé ṣé wọ́n na màmá náà àbí wọn ò nà án. Mùíz bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì, ó ní, “Màmá, a ò sọ ti ọ̀mì.”

“Mo ní bó bá nà mí,” Wosilat dáhùn. “Ṣé ó nà mí?”

“Kò nà yín.”

Mùíz dìde, ó yọ fóònù rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà kan, ó sì fi ọwọ́ kejì bo etí nítorí ariwo. Ó ń sọ ọ́ sókè, gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló gbọ́.

“Adébáyọ̀, màmá inú fídíò tó o fi hàn mí ọjọ́sí. Ìyá mi ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá tó bí mi. Ojú ló tì mí lọ́jọ́ yẹn tí mi ò fi sọ. Sọ fún gbogbo wọn ní ọ́fíìsì.”

Wosilat kò yíjú padà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n tún ọmọ tò fún ayò mìíràn.